Ìkòkò Èéfín tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé

Ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ náà pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó lọ sí òkè òkun. Ọkọ̀ eré sísá ni, pupa, ilẹ̀kùn méjì, ó sì ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè ní agbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo àdúgbò wa ní Asawase ló jáde wò ó. Màámi nìkan ló béèrè ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè.

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù aṣọ?"

Ọjà Kejetia ni Màámi ti ń ta aṣọ. Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, bí wọ́n ṣe bí èmi náà síbẹ̀. Àwọn òbí tiwọn ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ sọ́jà. Wọ́n á jókòó síwájú, wọ́n á gbé àpò lé itan, wọ́n á máa kí àwọn ojúlùmọ̀ láti ojú fèrèsé bí ẹni pé àwọn gan-an ló ni ọkọ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kùn, àmọ́ kò ní fò mọ́. Mo gbé e lọ sí Suame, níbi tí àwọn fítà, ìyẹn àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, pọ̀ sí, sọ́dọ̀ ọ̀kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Me nua, ọmọ ìyá mi, ìkòkò yìí ló fún un lọ́rùn."

Ìkòkò tó ń wí ni irin gbọọrọ kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tó ń sẹ́ èéfín bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, kí oró inú rẹ̀ má bàa jáde síta.

"Àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí ti gé tiwọn kúrò," ó ní. "Bí a bá fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀, tọ́bò á mí."

"Kò ní ba nǹkan jẹ́?"

"Kí ló fẹ́ bà jẹ́? Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo ní kó gé e. Ó tún fi irin pẹlẹbẹ dí páìpù kékeré kan tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì. Nígbà tí mo ṣáná sí i, ọkọ̀ ké ramúramù. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Títí mo fi délé ni àwọn ọ̀dọ́ ń juwọ́ sí mi. Ariwo lásán ni mo ń pè ní eré.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé Màámi. Ní Kejetia, wọ́n di ilẹ̀kùn mú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu mọ́, àwọn á máa wọ tírótírò, bọ́ọ̀sì akérò.

"Ẹ̀yin àti tírótírò, Màámi?"

"Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn."

Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa láti Tafo, ó sì ní kí n gbé òun padà sílé. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi ní kí n dúró. Ó bì sẹ́bàá títì, ó nu ẹnu.

"Ohun tó ń ṣe Màámi náà nìyí. Orí fífọ́ àti èébì. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ."

Ojú tì mí. Èéfín tí kò lásẹ́ mọ́ ti ń wọnú ọkọ̀ láti ojú ibi tí fítà jó páìpù mọ́ra sí, èmi sì ti ṣí fèrèsé ọ̀dọ̀ tèmi sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ fítà àgbàlagbà kan ní àdúgbò wọn. Bàbá náà kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó dà á sára rọ́bà tó so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnì, ó ní kí n ṣáná sí ọkọ̀ kí n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọṣẹ náà hó kutukutu lójú kan. Rọ́bà ti ya níbẹ̀, yíya náà kò gùn ju èékánná lọ.

"Ibí ni agbára ọkọ̀ rẹ ń gbà lọ," ó ní. "Ìkòkò tí o gé yẹn kò ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Mo padà lọ béèrè ìkòkò ní Suame. Fítà ní òun ti tà á fún àwọn tó ń ra irin olówó iyebíye inú rẹ̀. N kò bá a jà. Ẹnu mi ni mo fi ní kó gé e. Ó gbà mí tó ọjọ́ mẹ́fà kí n tó rí òmíràn lára ọkọ̀ kan tó forí sọgi. Bàbá Tafo jó o padà, ó ṣí páìpù kékeré náà, ó sì pààrọ̀ rọ́bà.

Mo bẹ Màámi. Mo ní wọn ì bá ti sọ fún mi.

"Tó bá jẹ́ ara àgbà ló ń ṣe mí ńkọ́?" wọ́n ní. "O ì bá ti lọ ta ọkọ̀ náà lórí asán."

Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n wọlé síwájú, a lọ sọ́jà. Ọkọ̀ náà tún ń sáré bí ìgbà tí mo rà á, àmọ́ ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti sọ ọ́ di ọkọ̀ ìyá àgbà. Mo ní òótọ́ ni.