Epo Àkàrà Tó Di Ọṣẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò Akpakpa, lẹ́tí ọ̀sà, tí eyín iwájú mi méjì ṣì wà lórí òrùlé níbi tí mo jù wọ́n sí, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń gbé. Ará Kétu ni. Àkàrà ló ń dín láàárọ̀, ọṣẹ ló ń sè lọ́sàn-án, èébú ló fi ń sinmi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí òtútù oṣù kẹjọ. Epo pupa á dì nínú ìkòkò bí amọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé ìkòkò náà sínú omi gbígbóná títí epo yóò fi yọ́. Lọ́jọ́ kan, omi ta sínú epo. Nígbà tó ṣe, epo léfòó, mo bù ú kúrò lókè, kò sẹ́ni tó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé kò sí ohun tí mo bàjẹ́ tí n kò lè tún ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ òmìnira ilẹ̀ wa, tó bọ́ sínú òtútù oṣù kẹjọ yẹn, Ìyá àgbà ní: “Yọ́ epo yẹn. Tí mo bá dín àkàrà tán, a ó jọ lọ wo àwọn sójà.”

Gbogbo àdúgbò ti ń wọṣọ. Ìkánjú ò jẹ́ n gbádùn. Omi tó ń hó lórí iná ni mo dà lé epo náà lórí tààrà, mo sì rò ó pọ̀. Epo á ṣáà léfòó! Àṣé omi eérú ni, èyí tí Ìyá àgbà sẹ́ sílẹ̀ fún ọṣẹ. Epo yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò léfòó. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó ki bí ògì. Mo gbé e kaná kó lè padà sípò. Iná tún mú un ki sí i.

Ìyá àgbà dé, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó tutọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá ọlọ́ṣẹ! Ṣé inú ọṣẹ la ó ti dín àkàrà?”

“Ìyá, ó máa tó padà.”

“Padà lọ síbo? Epo tó dì, epo náà ni. Oòrùn á pè é, á jẹ́. Èyí kì í ṣe epo mọ́. Bó o sunkún sí i dọ̀la, kò ní jẹ́ orúkọ àtijọ́.”

Kò nà mí. Ì bá nà mí, kó tán níbẹ̀! Ọmọrogùn ló fi lé mi lọ́wọ́, kí n máa rò ó títí yóò fi jinná. Fèrè àwọn sójà ń dún ní òdìkejì ọ̀sà, apá ń dùn mí, omijé ń kán sínú ọṣẹ. Òun náà kò lọ. Ó jókòó tì mí, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹ̀rín fi pa mí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rántí pé láti àná ọjọ́ náà ló ti yọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù sílẹ̀, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ wo àwọn sójà.

Lónìí, ọṣẹ tó ń ta sánsán bí òdòdó ló kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbégamey. Ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì Calavi sọ pé olùkọ́ àwọn kọ́ àwọn pé ìyípadà kan wà tó ṣeé dá padà, òmíràn ò ṣeé dá padà. Mo rẹ́rìn-ín. Òun fi bírò kọ́ tirẹ̀, èmi fi apá kọ́ tèmi.

Láàárọ̀ yìí, epo dì nínú ìgò mi. Mo gbé e sóòrùn, ó yọ́. Mo ṣì jókòó tì í pẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ni mo lè gbé sóòrùn tí ẹnu Ìyá àgbà yẹn yóò fi tún pè mí ní ìyá ọlọ́ṣẹ?