Bàtà Ìjọba Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ọlọ́run

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá omi, torí ká ní ilẹ̀ nìkan ló dá, n kò mọ ibi tí èmi ì bá gbé ara mi sí. Mo dúpẹ́ fún ìyá tó bí mi, mo dúpẹ́ fún ìjọ wa tó kọ́ mi ní ìwé kíkà, mo sì dúpẹ́ fún ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo gùn fún ọdún tó pọ̀ ju èyí tí ẹlòmíràn fi gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú fún Alàgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ní abúlé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wà tí n kò lè dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà láìpa eyín keke.

Abúlé wa wà lórí omi, láàárín Igbókọ̀dá àti Awóyè. Òpó la fi gbé ilé dúró, pákó la sì tẹ́ ṣe ọ̀nà láti ilé kan dé òmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Lórí omi, kò sí ohun tó ṣe mí. Bí mo bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tí mo mú àjẹ̀ dání, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó bá fẹ́ bá mi figa gbága, kó lọ gbààwẹ̀ kó tó wá. Orí pákó ni wàhálà mi wà. Nínú ilé, mò ń fi ìdí wọ́. Lóde, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni. Etí rẹ̀ méjèèjì ni mo máa ń dì mú: mo fa tọ̀tún, ó yà sọ́tùn-ún, mo fa tòsì, ó yà sósì. Títí di òní olónìí, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé Ọlọ́run kọ́ ló dá etí òun tóbi tó báyìí.

Aṣọ ni mò ń rán. Maṣín-ìnnì ọlọ́wọ́ ni mo ní, nítorí ti ẹlẹ́sẹ̀ kò wúlò fún mi. Sùtánà funfun tí gbogbo ìjọ wa ń wọ̀, ọwọ́ mi ló ti ń jáde, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Wòlíì títí dé ti ọmọ ọwọ́.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìkórè, ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń rìn lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ ń pọ̀n mí lọ. Nígbà tí mo wúwo jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré pé lọ́jọ́ tí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú pẹpẹ, òun yóò jó ijó kan tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì jó rí ní etí òkun yìí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ìjẹ́jẹ̀ẹ́ náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ bó bá ń gbàdúrà láàárọ̀: "Baba, yára o. Orúnkún tí mo fẹ́ fi jó ti ń lọ."

Lọ́jọ́ kan, rédíò sọ pé ìjọba àti ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun ti pawọ́ pọ̀ láti tọ́jú àwọn akàndá ẹ̀dá ní agbègbè wa, pé kí wọ́n wá sí Igbókọ̀dá fún àyẹ̀wò. Ìyá mi gbé orógùn tó fi ń ro púpurú sílẹ̀.

"Ta ni wọ́n ń pè ní akàndá ẹ̀dá?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí. Arọ ni mo jẹ́ títí di àná."

Ó gbá mi létí fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi gbé wa lọ.

Ọkùnrin tó yẹ̀ mí wò, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rọ irin tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ fi ń rìn. Ó mú ìwé kan jáde tí àwọn ará òkè òkun ti tẹ ìbéèrè sí.

"Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn?"

"Kò sí àtẹ̀gùn lábúlé wa, ọ̀gá."

"Ṣé ẹ lè rìn láti ilé yín dé ọ̀nà mọ́tò?"

"Kò sí ọ̀nà mọ́tò."

"Báwo lẹ ṣe wá ń dé ọjà?"

"Mò ń wa ọkọ̀."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ omi ni, ọ̀gá."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo apá mi tó ki bíi ti alárù, ó mí kanlẹ̀. "Ìwé yìí kò mọ ibi tí ẹ ń gbé rárá." Ṣùgbọ́n ó wọn ẹsẹ̀ mi dáadáa, ó sì kọ orúkọ mi.

Nínú àdéhùn wọn, ìjọba ló ni ilé ìwòsàn àti òṣìṣẹ́, àwọn ará òkè òkun ló ni irin àti bàtà. Nígbà tó wá kan kí wọ́n gbé irin náà tọ̀ wá wá ní abúlé, ìjọba wo ojú àwọn ará òkè òkun, àwọn ará òkè òkun wo ojú ìjọba. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sẹ́ni tó rántí kọ ọkọ̀ omi sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ lọ kó wọn. Ìyá mi ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ìjọba ni ọ̀kan, òyìnbó ni èkejì, ọkọ̀ tó ń rùn fún ẹja ni ẹ̀kẹta.

Ọkùnrin onírin náà ń bẹ̀rù omi. Ó wọ aṣọ pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kò sì bọ́ ọ títí tó fi parí iṣẹ́ nínú yàrá wa. Bó ti ń rìn lórí pákó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní láti ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi, "Ẹ rọra, ọ̀gá. Ẹ di ejìká mi mú." Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wá kọ́ mi ní ìrìn ṣe dì mí mú kó má baà ṣubú.

Irin náà gùn láti itan dé gìgísẹ̀, ó ní awọ tí wọ́n fi ń dì í, àti bàtà dúdú gìrìwò bíi ti sójà nísàlẹ̀. Ó fún mi ní ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ó ní kí n dìde. Mo dìde. Mo ti mọ àtàrí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa láti ọdún gbọ́nhan, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ dúró tí mo wo ojú rẹ̀ ní ọ̀kánkán. Omi dà lójú rẹ̀. Ó ní èéfín ni. Kò sẹ́ni tó dá iná.

"Ẹ gbọ́," ni onírin wí, "ẹ kò gbọdọ̀ yọ bàtà yìí kúrò lára irin. A ó padà wá ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè yín. Bí a bá bá a lórí àjà, a ó gbé e fún ẹni tó kàn."

Ìyá mi fèsì, "Orí àjà kẹ̀? Ẹja là ń kó síbẹ̀, ọ̀gá."

Oṣù kan ló kù kí ìkórè pé. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn bò mí, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀lé mi bí ẹni tó ń da ewúrẹ́. Ibẹ̀ ni Alàgbà dúró sí. Ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ni, òun náà ló tẹ́ gbogbo pákó ilé Ọlọ́run. Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé, Alàgbà sì ti dá káńsẹ́lọ̀ padà rí nítorí sálúbàtà.

"Arábìnrin, kí lèyí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Bàbá."

"Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ láti kékeré. Bàtà ni mò ń wò yìí."

"Wọ́n so ó mọ́ irin ni, Bàbá. Bí mo bá bọ́ ọ, màá wó lulẹ̀."

"Mósè bọ́ tirẹ̀."

"Ẹsẹ̀ Mósè dá ṣáṣá, Bàbá."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sáré sọ ọ́ di ikọ́. Alàgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé mi wọlé bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo lè bínú padà sílé. Mo lè gbà kí wọ́n gbé mi. Ṣùgbọ́n mo rántí orúnkún ìyá mi, ọkàn mi sì le. Mo fìdí lélẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó sínú, mo na irin àti bàtà sóde. "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Ara mi ti wọlé. Ẹsẹ̀ ìjọba ló kù síta."

Ẹnu ọ̀nà náà kò fẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé a kì í ré ẹsẹ̀ ẹni kọjá. Gbogbo ẹni tó pẹ́ dé dúró síta. Mo ń kọrin lóhùn òkè, mo ń ṣe "Àmín" tó ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún jókòó síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyàwó Alàgbà ló pẹ́ dé. Ó dúró nínú oòrùn láti orin àkọ́kọ́ títí ìwàásù fi parí, ó ń wo ọkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ojú tó fi ń wò ó, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wò mí láéláé.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Sùtánà ìkórè Alàgbà wà lórí maṣín-ìnnì mi lọ́sẹ̀ náà. Èṣù sọ fún mi pé kí n gé e kúrú díẹ̀, kí gbogbo ìjọ lè rí orúnkún rẹ̀. Mo gbàdúrà, mo sì rán an gígùn bó ti yẹ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ro ọ̀rọ̀ èṣù náà dáadáa kí n tó gbàdúrà.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Alàgbà fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Mo rò pé sùtánà ló wá gbà. Okùn tó fi ń wọn ọkọ̀ ló yọ lápò.

"Na ẹsẹ̀ rẹ."

Mo nà á.

"Òfin Ọlọ́run ni mò ń ṣọ́," ló wí, kò wo ojú mi. "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń dènà dè. Nígbà tí a ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ pákó iwájú pẹpẹ tán, mo rí i pé ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mo gbé e pamọ́. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ rí. Mo ti bá Wòlíì sọ ọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjì tó gbẹ́ lára pákó yẹn wá fún mi. Ó dá ihò sí gìgísẹ̀, níbi tí irin yóò ti wọlé bó ti ń wọ ti bàtà, ó sì fi okùn àwọ̀n wé abẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Aṣọ funfun tí mo fi dì í mọ́ ẹsẹ̀, èmi ni mo rán an.

Ẹnu mi kò dákẹ́. "Bàbá, ṣé èyí náà kì í ṣe bàtà?"

Ìyá mi já mi léèékánná. Alàgbà ní, "Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni èmi tí n ó fi dá a dúró?"

Òfin ti Ọlọ́run yanjú, ó ku ti ìjọba. Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi ní ká tètè dá bàtà padà sára irin, ká fi pákó pamọ́. Mo ní onígbàgbọ́ ni wá. Ó ní onígbàgbọ́ náà ń fi nǹkan pamọ́. A kò tíì parí àríyànjiyàn náà tí onírin fi wọlé pẹ̀lú aṣọ pupa rẹ̀, àti òyìnbó obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè òkun. Onírin rí pákó. Bó bá gbé irin náà lọ, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo tún ń padà sí lọ́la, ẹ̀yìn náà kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó fà á, kò yọ. Ó kàn án, kò mì. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ rìn lórí pákó ìta, tí omi ti rin gbingbin. Mo rìn. Ó ní kí n wọ bàtà rìn. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì. Òun náà sáré wá gbá mi mú, bàtà tirẹ̀ yọ̀, ejìká mi ló sì tún dì mú. Òyìnbó obìnrin náà sọ nǹkan kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ní ta ló ṣe é," ni onírin túmọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ máa fi ti pákó rìn níbí. Ẹ fi bàtà pamọ́ fún Igbókọ̀dá." Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn. Ẹ̀yìn ìwé ló kọ ọ́ sí. Wọ́n bi Alàgbà bóyá yóò lè gbẹ́ òmíràn fún àwọn ará abúlé yòókù. Ó ní òun á gbẹ́ ẹ, bí ìjọba àti àwọn ará òkè òkun bá máa gbé ọkọ̀ tiwọn wá.

Ọjọ́ ìkórè pé. Pákó mẹ́tàdínlógún ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, mo mọ̀ ọ́n dájú, torí mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Alàgbà wo ẹsẹ̀ mi, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin ń dún, ọ̀pá ń dún. Ní pákó kẹwàá, apá mi ń gbọ̀n. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn: "Fa etí ara rẹ!" Ẹ̀rín gbé mi dé ìkẹtàdínlógún. Mo fọwọ́ kan pẹpẹ.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ló ń jó bọ̀, orúnkún kankan kò ro ó, ó ń yí, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbàgbé láti bọ́ wọn. Pa-pa-pa ló ń dún títí dé iwájú pẹpẹ Ọlọ́run Alààyè.

Gbogbo ìjọ yíjú sí Alàgbà. Alàgbà gbé ojú sókè, ó ń wo páànù àjà bí ẹni pé ó ń jò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀kùn ayọ̀ yín tì mọ́ yín lójú. Kí ẹni tó dí i lónìí di ẹni tí yóò gbẹ́ pákó fún yín lọ́la. Kí ẹ rí ẹ̀yìn tí yóò gbé yín títí ẹsẹ̀ yín yóò fi dé, kí orúnkún ìyá yín sì le títí di ọjọ́ ijó. Àmín.