Ilẹ̀kùn Bàbá Wa Àgbà àti Kọ́kọ́rọ́ Onífóònù

Àbúrò mi ọkùnrin ló ra kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Èmi àti ìyá wa la wà nínú ilé tí bàbá wa àgbà kọ́ sí Lasunwọn, ní Ìkòròdú. Kọ́kọ́rọ́ yìí kò ní ojú tí èèyàn ń ki irin bọ̀. Ìka lèèyàn máa tẹ̀ mọ́ ọn, á dún kín-ín, ohùn obìnrin òyìnbó kan á sì sọ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún ti ara rẹ̀. Àbúrò mi lè jókòó sí Ẹ̀pẹ́ kó máa wò ó lórí fóònù rẹ̀ bóyá ilẹ̀kùn wa wà ní títì.

Mo sọ fún un pé ilé yìí ti dàgbà ju irú eré bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Ilẹ̀kùn ìrókò rèé! Kí ló kù tí ilé yìí nílò?”

Òótọ́ ni pé ìrókò ni. Kò sí àlejò tó wá sílé wa tí a kì í ní kó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Àbúrò mi bá yọ igi ìdábùú tí a fi ń ti ilẹ̀kùn látijọ́, ó sì ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀nà ẹ̀yìn pátápátá. Inú ìyá mi dùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kéde pé Orò máa jáde. Ẹni tó bá ń gbé ìlú wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin ò gbọdọ̀ sí níta, kò sì gbọdọ̀ yọjú wo ìta. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, a kì í bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n a kì í fojú di í. Tí ọjọ́ bá ti pé, a máa tilẹ̀kùn, a máa jókòó jẹ́ẹ́.

Èmi obìnrin, nínú ọgbọ́n mi, mo jí lọ sí Agbowa láti ra gàrí, mo ní màá ti dé kí Orò tó jáde. Òjò ló dá mi dúró. Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi dé ìtòsí ilé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, ọkùnrin nìkan ni mo ń rí lójú títì.

“Màmá, ẹ tètè wọlé o,” ni ọlọ́kadà wí. Mo gbé àpò gàrí mi, mo sáré.

Mo tẹ ìka mọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó dún kín-ín. Obìnrin òyìnbó ní ilẹ̀kùn ti ṣí. Mo tì í, kò mì. Nínú igi lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ tí irin kan ń kùn bí ẹni tí inú ń run. Òjò ti mú kí ilẹ̀kùn wú, bó ṣe máa ń wú lọ́dọọdún, irin sì ti há sínú ihò rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà tún ní ó ti ṣí. Mo bú u.

Mo pe àbúrò mi, kò gbé e. Ìyá mi wà nínú ilé, ó ń fa ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Àwọn ayálégbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ará Ọ̀ṣun, ti lọ sílé wọn láti àná, mi ò sì rí ilé mìíràn tí màá sá wọ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Orò láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n inú yàrá ni mo máa ń wà.

“Fi èjìká tì í!” Ìyá mi ló ń pariwo.

“Ìrókò ni, Màámi!”

“Tì í, mo ní!”

Mo ju gàrí sílẹ̀, mo sún sẹ́yìn, mo sì fi gbogbo ara kọlù ú. Ilẹ̀kùn wó. Kì í ṣe pé ó ṣí o: òun àti férémù rẹ̀ ló jọ ṣubú sínú ilé, èmi náà sì wà lórí wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá mi ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo wo férémù náà. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ọdọọdún, tí Iléyá bá ti ń bọ̀, la máa ń kun ún lọ́dà kó lè dán, ọ̀dà yẹn nìkan ló sì kù. Inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀pẹ̀. Ìrókò wà níbẹ̀ digbí, kọ́kọ́rọ́ onífóònù wà lára rẹ̀, irin rẹ̀ ṣì di férémù mú dáadáa, ṣùgbọ́n kò sóhun tó di férémù mú mọ́ ògiri. Báyìí la ṣe ń sùn láti ọjọ́ yìí?

Kò sí àyè àtironú. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ohùn náà sì ń sún mọ́ wa. Èmi àti arúgbó yìí gbé ilẹ̀kùn náà nílẹ̀, mi ò mọ ibi tí agbára ti wá. A gbé e dí ẹnu ọ̀nà, a jókòó sílẹ̀, a fi ẹ̀yìn tì í. Gàrí mi wà níta. Ìyá mi ní Bísímílláhì, ó di ojú rẹ̀. Àwọn olórò kọjá níwájú ilé. Igi ń gbọ̀n lẹ́yìn mi, tàbí kó jẹ́ èmi ni mò ń gbọ̀n. Lókè orí wa, kọ́kọ́rọ́ dún kín-ín, obìnrin òyìnbó sì ní ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

Ohùn náà ò tíì jìnnà tí fóònù mi fi dún. Mo sáré gbé e. Àbúrò mi ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé ẹ pè mí. Mo ti wò ó lórí fóònù mi, ilẹ̀kùn wà ní títì gbọn-in. Ọkàn mi ti balẹ̀.”

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Wá sílé lọ́la,” ó rọra wí. “Mú káfíńtà dání.”

Ó pa á, ó sì tún fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.