Ugbó Kì í Ṣe Ugbò

Ṣíọ̀! Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣe ni mo máa ń yọ ṣùtì.

Òun ló ń bójú tó iṣẹ́ oyè dókítà tí mò ń ṣe ní yunifásítì, nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gbàjọba. Iṣẹ́ náà dá lórí Ẹrẹdò, yàrà jíjìn tí àwọn ará àtijọ́ wà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ̀gá. Látìn àti Gíríìkì ló kà lókè òkun, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti sọ ọ́. Àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́, ó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí èmi àti akọ̀wé bá ń sọ Ìjẹ̀bú, á fajú ro: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ Yorùbá!" Họ́wù! Kí là ń sọ tẹ́lẹ̀?

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo béèrè ẹni tó wa yàrà náà. Wọ́n ní, "Àwọn ará ugbó ló wà á." Ugbó làwa ń pe igbó, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Àwọn baba wa tó ń gbé inú igbó kí ìlú tó dúró ni wọ́n ń wí. Ọ̀gá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fò dìde lórí àga.

"Ugbò! Àwọn ará Ugbò etí òkun! Ìtàn yí padà lónìí!"

"Ẹ má bínú, sà. Igbó ni wọ́n ní."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní Yorùbá ni?"

Ẹ gbà mí o! Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ọmọdé tó ń rá kòrò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà fún un títí ó fi sú mi. Ó ní bí mi ò bá kọ Ugbò, òun ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ mi. Èmi tí ìyá mi ti ń pè ní dókítà níwájú gbogbo ìjọ! Mo sunkún, ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́. Kò sì fọwọ́ sí i lóòótọ́. Kásẹ́ẹ̀tì mi ló fi kọ ìwé tirẹ̀, ìwé yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n radaràda!

Mo di tíṣà ìtàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó yá, ọmọ mi obìnrin ti ilé-ìwé dé, ó ní, "Mọ́mì, àwọn ará Ugbò ló wa Ẹrẹdò."

"Irọ́ ni. Òpònú ló kọ ọ́."

Ó wo ẹ̀yìn ìwé tó mú bọ̀ láti ilé-ìwé, ìwé tí ọ̀gá kọ kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Dókítà ló kọ ọ́, Mọ́mì. Ṣé dókítà lẹ̀yin náà?"