Irin Tí Kì Í Dípẹtà

Bísíríyù tún mú ọ̀bẹ àpò mìíràn lórí tábìlì, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó fi àtàǹpàkò wọ́ ẹ̀yìn irin náà láti ìdí dé ṣóńṣó, ó sì dá a padà. Oyèdèjì, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta irinṣẹ́ ní ọjà Ìkòròdú, wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín.

“Àlàájì, ọ̀bẹ lẹ wá rà àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́? Kò sí èyí tẹ́ ò tíì yẹ̀ wò tán.”

“Èmi kì í ṣe Àlàájì,” ni Bísíríyù fèsì. “Apẹja ni mí.”

Kabir, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n fẹ́ ra ọ̀bẹ fún. Ọmọ Dáúdà ni, Dáúdà àbúrò Bísíríyù, tí ọ̀sà gbé lọ ní ọyẹ́ èṣí. Láti kékeré ni Kabir ti ń sá fún omi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkòròdú ló ti ń ṣiṣẹ́, ó gba yàrá kan sí ìtòsí ibẹ̀, ó sì ti gbàgbé òórùn ẹja. Àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Ó kó ẹrù padà sí Ẹ̀pẹ́, ó ní ọkọ̀ bàbá òun ṣì wà ní èbúté, òun yóò máa dẹ àwọ̀n.

Nínú ìdílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í wọ ọkọ̀ àwọ̀n bí àgbà ilé kò bá tíì fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí wọ́n bá ń ju àwọ̀n sómi tí ẹ́ńjìnì ń sáré, okùn ọ̀rá tí wọ́n so òjé mọ́ a máa fò jáde nínú ọkọ̀ bí ejò. Bó bá kó ẹni lẹ́sẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ló ń mú un lọ, ọ̀bẹ tó wà lápò rẹ̀ nìkan ló sì lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá fún ọmọ lọ́bẹ ló fún un láyè láti lọ. Bísíríyù ni àgbà ilé báyìí. Òun náà ló fún Dáúdà ní tirẹ̀.

Irin dúdú ni ọ̀bẹ tí Dáúdà kọ́kọ́ lò. Irin dúdú a máa mú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá tọ ẹja lọ sí apá Ìkòròdú níbi tí omi ọ̀sà ti ń ní iyọ̀, kí wọ́n tó padà délé, ọ̀bẹ á ti pọ́n bí epo. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwọn apẹja àdúgbò wọn kì í lọ sódò, wọn a jókòó sábẹ́ igi, wọn a ha ìpẹtà kúrò, wọn a pọ́n ẹnu ọ̀bẹ kí wọ́n tó lọ kírun. Iṣẹ́ yìí sú Dáúdà. Bísíríyù, tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, wá ọ̀bẹ irin funfun kan rà fún un, irin tí kì í dípẹtà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tó wúwo dáadáa lọ́wọ́.

Bó ti ń dán lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ló ń dán lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Nítorí pé ó ń dán, kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n pọ́n ọn. Dáúdà a fi ṣí agolo, a fi họ ìpẹ́ ẹja. Bí Jímọ̀ bá sì dé, a nà gbọọrọ sórí ẹní, a máa fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, ọ̀bẹ náà ṣì wà ní ṣíṣí, okùn rẹ̀ so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Okùn ọ̀rá tó wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ha, ó ti yọ òwú, ṣùgbọ́n kò já.

Oyèdèjì na ọ̀bẹ kan sí wọn. “Ẹ wo èyí. Irin funfun gidi, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn. Ẹ lè fi la igi.”

Kabir gbà á. “Bàbá, èyí dáa. Irú ẹ̀ la ń lò níbi iṣẹ́.”

“Kí lẹ ń fi í gé níbẹ̀?” ni Bísíríyù bi í.

“Páálí.”

“Páálí kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀ omi.”

Kabir dá ọ̀bẹ náà padà. Oyèdèjì wo ojú àwọn méjèèjì, ó dín àpárá kù.

“Bàbá, irin funfun kì í ṣe ọ̀tá yín o. Èyí tó bá le dáadáa á pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó kú. Ṣùgbọ́n bó bá kú, ẹ óo pọ́n ọn títí apá á fi ro yín.”

“Èyí tó nípọn ńkọ́?”

“Kì í tètè kán.”

“Á há sínú okùn kó tó dé ìdajì,” ni Bísíríyù wí. Ó mú irin dúdú kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. “Èyí.”

“Ẹ má wá bá mi jà o. Ìyẹn á dípẹtà.”

“Mo fẹ́ kó dípẹtà.”

Nígbà tí wọ́n délé, ó fi ọ̀bẹ náà lé Kabir lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní kó máa bá wọn fọ ọkọ̀ ná, kó máa fi ọ̀bẹ náà ṣiṣẹ́ nínú omi títí di ọjọ́ Jímọ̀. Lówùúrọ̀ Jímọ̀, Kabir gbé e wá. Ìpẹtà kankan kò sí lára rẹ̀. Ó mọ́, ó ń dán bí dígí.

“Sáńpépà ni mo fi ha á, Bàbá. Mo wá fi òróró àgbọn pa á.”

Bísíríyù wo bó ti ń dán bíi ti Dáúdà. Ó wọlé lọ mú okùn àwọ̀n, ó rì í bọ omi, ó so ó mọ́ òpó.

“Gé e.”

Bí Kabir ti fi ọ̀bẹ kan okùn, Bísíríyù fa èémí sínú, ó fi ọwọ́ di imú bí ẹni tó rì sómi.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe?”

Bísíríyù fi ọwọ́ kejì júwe okùn fún un. Kabir ń gé, ọ̀bẹ ń yọ̀. Ó dijú, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, òwú díẹ̀ yọ. Iṣan ọrùn Bísíríyù yọ síta, ojú rẹ̀ kún fún omi. Níkẹyìn èémí bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di òpó mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Okùn kò tíì já.

Kabir wo okùn náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó nídìí òkúta ìpọ́nbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Bísíríyù ń wò ó. Ó rí i pé Kabir nà án ró jù lórí òkúta; bó bá pọ́n ọn títí di alẹ́, kò ní mú. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló máa tún un ṣe, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀bẹ tí kò bá mú kò ní gbé ọmọ lọ sódò. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, ó ń gbọ́ bí irin ti ń ha òkúta. Àmọ́ ó ti mọ Kabir: ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà létí omi, yóò lọ, ì báà mú, ì báà má mú.

“Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀,” ló wí. “Bẹ́ẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ jù.”

Nígbà tí Kabir tún fi kan okùn, okùn já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbójú sókè.

“Ọ̀la ńkọ́, Bàbá?”

“Jímọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Màá pọ́n ọn.”

“Èyí tó tẹ̀ lé e?”

“Màá pọ́n ọn.”

“Ìgbà tóo bá ti mọ iṣẹ́ dáadáa, tẹ́rù ò bà ọ́ mọ́?”

Kabir wo ẹnu ọ̀bẹ náà. Ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ó pa ọ̀bẹ dé, ó fi í sápò ṣòkòtò, ó sì ṣáájú. Bísíríyù ń tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àpò náà. Kò tíì sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ọkọ̀ yóò wọ omi bílẹ̀ bá mọ́.