Ìyàwó Tó Wà Nínú Orí Kẹsàn-án

Nínú orí kẹsàn-án ìwé ìtàn àròsọ tí ọkọ mi kọ, ìyá ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí kú, wọ́n sin ín, ìyàwó ilé kò sì wá. Ìbàdàn ló jókòó sí, ó ń kàwé. Ojú ewé mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo Olówógbowó, àdúgbò wa l'Ékòó, fi mọ̀ mí.

Èmi ni ìyàwó náà. Ọkọ mi ò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi bò. Ó gbé awò ojú mi wọ̀ ọ́, ó fún un níṣẹ́ mi ní yunifásítì, ó sì jẹ́ kó máa fi ọwọ́ òsì da tíì bí mo ṣe ń dà á. Orúkọ nìkan ló yí padà.

Tíọ́rì lítíréṣọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa mi ló yé mi. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin sọ pé mo fi àìwá mi dìtẹ̀ mọ́ àwọn ọkùnrin ilé, wọ́n sì yìn mí. Àwọn tó ń fi ojú olówó àti tálákà wo ìtàn ní ìwé tí mo kà ló jẹ́ kí n fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyá ọkọ mi tó ń taṣọ. Àwọn tó ń wá ohun tó pamọ́ sí ọkàn ẹ̀dá ní èmi àti ìyá ọkọ mi ń du ọkùnrin kan ṣoṣo mọ́ ara wa lọ́wọ́, pé inú mi dùn nígbà tó kú.

Inú mi dùn! Ìyá nìkan ló máa ń bi mí nínú ilé yẹn pé, "Kí lo kà lónìí?" Tí mo bá sọ ìtàn náà fún un tán, á ní, "Irọ́ ni! Obìnrin wo ló ń kó jáde nílé ọkọ láìgbé ìkòkò ẹ̀?"

Ní ilé wa, òkú kì í sùn mọ́jú. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, wọn á ti kírun sí i lára, wọn á ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá kú ní asùbáà. Fóònù wà ní ọ́fíìsì ọkọ mi, ó wà ní ẹ̀ka tí mo ti ń kọ́ni n'Íbàdàn, ọkọ mi sì mọ nọ́ńbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́, lẹ́nu awakọ̀ kan tó rò pé mo ti mọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ká ẹní.

"Ṣé ká wá fi òkú dúró dè ọ́ ni?" ni ọkọ mi wí.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ dúró dè mí. Ẹ ò pè mí ni mò ń sọ."

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ló fèsì, nínú orí kẹsàn-án.

Ó ti kú báyìí, àwọn ọmọ sì wà lókè òkun. Ní oṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìwé náà gun àtẹ̀gùn wá, ó ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí páálí àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó pẹ́ kó tó dé torí wọ́n ti tẹ́ ẹní dí títì. Mo ti se ràìsì láti àárọ̀. Mo ti wọ léèsì.

"Àlàájà, tábìlì tí bàbá ti kọ ìwé ni mo fẹ́ yà ní fọ́tò."

"Jókòó ná. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orí kẹsàn-án fún ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Inú ìwé nìkan ni tíọ́rì tèmi ń wò. Ohun tó bá wà níta ìwé, mi ò lè lò ó."

"Èmi ló wà níta?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ olùbójútó mi bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé ẹ máa ń ní, 'Ẹ má lọ bi ìyàwó òǹkọ̀wé léèrè!'"

Òótọ́ ni. Kíláàsì a sì máa bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, jẹ ràìsì. Àbí ìyẹn náà ò sí nínú ìwé?"

Ó jẹ ẹ́, ó ya tábìlì, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ìyàwó náà ni ohun ìjà rẹ̀. Mo mú bírò pupa, mo wá àṣìṣe títí, mi ò rí. Iṣẹ́ tó dára ni, máàkì tó ga ni ǹ bá fún un. Ìdákẹ́jẹ́! Ta ló bi í léèrè?

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ó lè wà nínú ìwé kan. Kò sí ẹni tí mo lè kà á fún nínú ilé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni mò ń sọ fún: wọn ò pè mí.