Èéfín Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Bí aládùúgbò mi bá ti tan jẹnẹrétọ̀, tí èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ní Ṣàgámù ni mo máa ń rántí.

Bàbá mi ti gbé jẹnẹrétọ̀ wa sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má baà pa á. Àwọn àti ìyá mi sùn sí yàrá. Èmi àti ìyá àgbà wà ní fàráńdà, à ń bó obì. Nígbà tí ìyá àgbà wọlé, wọ́n figbe ta. Àwọn ará ilé gbé àwọn òbí mi méjèèjì tó ti dákú jáde sínú òjò, wọ́n sì sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù kékeré kan. Mo tẹ̀ lé wọn.

Sílíńdà ọ́síjìn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ti la ojú.

"Ẹ fún ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí. "Ara tèmi ti yá."

Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé orí lé mi léjìká. Òórùn bẹntiróòlù wà lára aṣọ wọn tó tutù. Inú mi dùn pé wọ́n rí oorun sùn.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé èéfín yẹn lè pa ẹni tó ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nígbà tó yá, ìyá mi la ojú. "Bàbá ẹ dà?"

"Wọ́n ń sùn," ni mo wí. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀."